Ẹ̀bùn Kan Ṣoṣo fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì

Bí ẹ bá ń wá olórí kunkun ní Abẹ́òkúta, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Ẹ ṣáà lọ sí Ìkìjà, kí ẹ béèrè ilé Tíṣà Bándélé, àkọ́bí tíṣà náà lẹ máa bá níbẹ̀. Àrìnpé lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, òun àti ìyá rẹ̀ ló sì kù nínú ilé. Àràárọ̀ ló máa ń wọ rélùwéè ní Láderin lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń padà dé, tó bá sì di Sunday, ó di inú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ohun tí Àrìnpé bá ti sọ pé òun ò ní í ṣe, ẹ lọ sinmi, kò ní í ṣe é.

Ìròyìn bá a lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ àbúrò rẹ̀, Akínrẹ̀mí, di Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí wọ́n jọ wà lọ́fíìsì fi rò pé wọ́n túfọ̀ fún un ni. Ó jó, ó kọrin, ó pe gbogbo ẹni tó mọ̀. Àfi ìgbà tó gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ ni ijó náà tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Akínrẹ̀mí ní òun ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé láti wá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bó bá ti di àárọ̀ Monday, òun á forí lé Borno, wọ́n ti fi òun ṣe olórí àwọn ọmọ ogun kan níbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn tó máa lọ. Ó ti lọ, ó ti bọ̀, ó tún ti lọ, kò sì sí àpá kan lára rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn wà nínú ilẹ̀ báyìí, àwọn mìíràn ń fi ọ̀pá rìn. Ìdí nìyí tí Àrìnpé kò fi máa ń rí oorun sùn bí àbúrò rẹ̀ bá wà lójú ogun, ìdí náà sì nìyí tó fi fẹ́ kí ẹ̀bùn tí òun máa fún un lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ojúlówó ẹ̀bùn, ohun tí yóò máa wò níbẹ̀, tí yóò fi máa rántí pé wọ́n ń retí òun nílé.

Títí di àkókò yẹn, ìyá wọn, Màmá Lydia, ló máa ń ra ẹ̀bùn Akínrẹ̀mí nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Màmá á lọ sí ọjà fúnra rẹ̀, á ra ohun tó bá fẹ́, á dì í, á wá pe ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Àrìnpé kì í bá wọn dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ màmá kò gbé e mọ́ báyìí, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé gan-an, iṣẹ́ ńlá ni. Ó wá pe Àrìnpé jókòó.

"Ìwọ lo máa ra ẹ̀bùn àbúrò rẹ lọ́tẹ̀ yìí," ó wí. "Ohun yòówù kó wù ẹ́, rà á. Ṣùgbọ́n kó o ra méjì."

Àrìnpé mọ ohun tó ń sọ. Kò sí ọmọ ilé náà tí kò ní í mọ̀ ọ́n.

Akínrẹ̀mí kò dá wá sáyé, ìbejì ni. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, Olúwatósìn ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Akínrẹ̀mí tẹ̀lé e, òun ni Kẹ́hìndé, òun sì ni ẹ̀gbọ́n, bí àwa Yorùbá ṣe máa ń kà á. Ibà kan báyìí ló mú Táíwò lọ nígbà tí wọn ò tíì dàgbà tó ẹni tí í lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọn kì í sọ fún èyí tó kù pé èkejì kú, wọ́n á ní ó lọ sí Èkó. Ohun tí wọ́n bá rà fún èyí tó wà nílé, ì báà ṣe bàtà, ì báà ṣe àkàrà, wọ́n á ra ti èyí tó lọ sí Èkó náà, kí inú má baà bí i, kó má baà wá pe èkejì rẹ̀ pé kí àwọn jọ máa lọ.

Tíṣà Bándélé kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ rárá. Ó ní ilé onígbàgbọ́ ni ilé òun. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má pe Táíwò mọ́ nínú ilé náà, kí wọ́n má sì pe Kẹ́hìndé, nítorí ẹni tó bá gbọ́ Kẹ́hìndé á béèrè Táíwò. Akínrẹ̀mí ni kí wọ́n máa pe ọmọ náà. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn títí bàbá fi kú, nígbà tí bàbá sì kú tán, Àrìnpé gba òfin náà lọ́wọ́ òkú, ó dì í mú gírí.

"Ẹnì kan ni wọ́n gbé ga, Màámi," ó dáhùn. "Ẹ̀bùn kan ni mo máa rà."

"Má bá mi jiyàn, Àrìnpé."

"Mi ò bá yín jiyàn, mà. Ohun tí Bàámi ì bá sọ ni mò ń sọ."

Màmá Lydia wò ó títí. "Bàbá rẹ kò mọ gbogbo nǹkan tó ń lọ nínú ilé yìí," ó wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Aago ọwọ́ ló kọ́kọ́ wá sí Àrìnpé lọ́kàn. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú èyí tí Akínrẹ̀mí ń bọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ummulkulthum ní Kútọ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta aago àti awò ojú. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó gbé wọn sétí, ó bínú sí èyí, ó yọ ṣùtì sí tọ̀hún, ó wá mú ọ̀kan tó ní awọ dúdú. Ó ní kí wọ́n bá òun dì í. Nígbà tí Ummulkulthum na àpò sí i, aago méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n rí bákan náà.

"Kí lèyí? Ẹyọ kan ni mo mú o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan lẹ mú lóòótọ́. Ọ̀gá tó bá yín wọlé ló mú ìkejì. Wọ́n ní irú ẹ̀ làwọn náà fẹ́."

"Ọ̀gá wo? Èmi nìkan ni mo wọlé."

Ummulkulthum wo ẹ̀yìn rẹ̀. Oòrùn kún ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ojú obìnrin náà yí padà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn yín gan-an ni wọ́n dúró sí. Wọ́n ga, wọ́n dúdú, wọ́n jọ yín níwájú orí. Mo tiẹ̀ kí wọn. Mo ṣe bí àbúrò yín ni."

Inú bí Àrìnpé. Ó gbà pé ọgbọ́n àtitajà ni, pé obìnrin náà fẹ́ ta méjì fún ẹni tó wá ra kan. Ó kó aago méjèèjì lé orí gíláàsì, ó jáde láìra nǹkan kan. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ìdí kan ṣoṣo lòun fi jókòó, òun sún mọ́ etí, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó. Kíá ló sún padà sí àárín.

Ó pa ọ̀rọ̀ aago tì. Ó ní aṣọ lòun máa dá fún un, agbádá àdìrẹ aláró, ohun tó jẹ́ ti Ẹ̀gbá gan-an, tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì lè wọ̀ nígbà tí kò bá sí nínú kákí. Ó lọ sí Ìtòkú, ó ra èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sí, ó ra ìwọ̀n agbádá kan, ṣòkòtò àti bùbá rẹ̀. Ọjọ́ Monday ló gbé e fún Ọlálẹ́yẹ, télọ̀ ilé wọn ní Ìjẹmọ̀. Ọlálẹ́yẹ yìí ló rán aṣọ ìgbéyàwó Akínrẹ̀mí, kò sì nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe ara ọkùnrin náà fún un. Àrìnpé sì tún fi bùbá àtijọ́ Akínrẹ̀mí kan kún un, kó lè fi wọn gígùn rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Wednesday ló yà láti wo ibi tí iṣẹ́ dé. Láti ìta ló ti rí wọn lára ògiri. Agbádá méjì. Ọnà kan náà, ọrùn kan náà, wọ́n fẹ̀ bákan náà.

"Ọlálẹ́yẹ, ta ló ni èkejì?"

"Tiwọn náà ni. Ọ̀gá fúnra wọn ló wá wọn ara lánàá." Ọlálẹ́yẹ ń rẹ́rìn-ín, ayọ̀ ń tàn lójú rẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n ti délé. Mo fún wọn lága, wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára láti máa dúró. Wọ́n ní kí n má lo bùbá yẹn, kí n wọn àwọn."

"Akínrẹ̀mí wà ní Àbújá lánàá. Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń bá mi ṣeré. Ṣé èmi ni mi ò ní í mọ Akínrẹ̀mí? Irun orí wọn nìkan ló jọ mí lójú. Ó kún, ó sì ta kókó, bíi pé abẹ kò kàn án rí. Mo ṣáà ń rò ó pé ṣé wọ́n ti gba àwọn sójà láyè láti dá irun sí ni."

Àrìnpé sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ sí tépù tó wà lọ́rùn télọ̀ náà, kò mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Tépù náà tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fìríìjì.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti àná," Ọlálẹ́yẹ wí. Ẹ̀rín ti ń kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mo gbé e sá sóòrùn, kò móoru. Aṣọ tẹ́ ẹ gbé wá náà, mo gé ti àkọ́kọ́, mo rò pé ó tán. Mo tún nà á sórí tábìlì, kò dín. Mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní mi ò mọ aṣọ wọ̀n mọ́."

"Di ọ̀kan fún mi."

"Èkejì ńkọ́?"

"Mo ní di ọ̀kan!"

Ó gbé agbádá kan lọ sílé. Kò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà á débi pé ó tan gbogbo iná ilé nígbà tí ojúmọ́ ṣì wà níta. Ohun tí gbogbo àgbà ilé máa ń wí, tí bàbá rẹ̀ sì pè ní ọ̀rọ̀ aláìgbàgbọ́, òun ló ń rò. Táíwò ti bínú. Táíwò ti wá mú èkejì rẹ̀ lọ, ọ̀nà Borno ló sì máa gbà mú un. Ẹlòmíràn ì bá sáré padà lọ gbé agbádá kejì. Àrìnpé ní tirẹ̀ ní òun ò ní í fi nǹkan bẹ òkú kí ọmọ ìyá òun tó lè wà láàyè. Bí ó bá fojú hàn òun, òun á lé e. Ó gbà á ládùúrà, ó sì sùn lé e lórí.

Ọjọ́ kejì, Thursday, ó ń ti Èkó bọ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀. Rélùwéè kúrò ní Kájọlà, ó ń sáré láàárín igbó àti oko, ó wá dúró ní Papalanto, níbi tí eruku sìmẹ́ńtì ti ń bá àwọn tírélà ọ̀nà Ewékorò wá bà lé ewé. Ìjókòó tó kọjú sí Àrìnpé ṣófo. Ọkùnrin kan wọlé, ó wá jókòó síbẹ̀.

Ojú Akínrẹ̀mí ni. Ẹnu rẹ̀ ni, èjí tó wà níwájú eyín rẹ̀ ni. Àfi irun náà, tó kún bí Ọlálẹ́yẹ ṣe wí. Bùbá aláwọ̀ ojú ọ̀run kan ló wọ̀, ó ti ṣá, ó ti ya léjìká. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kọjá, ó gba ti gbogbo èrò, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí, ó kàn tẹrí ba díẹ̀, ó lọ.

"Ẹ kú ìrìn, Àǹtí Ìpé," ọkùnrin náà wí.

Láyé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló pe Àrìnpé ní Ìpé rí. Ọmọ kékeré tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì gbé Àrìnpé délẹ̀ ni, kò sì dàgbà tó ẹni tó máa pè é pé.

"Kí lo fẹ́?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ lọ.

"Tèmi ni mo wá béèrè, àǹtí mi. Ẹ gbé ti Kẹ́hìndé, ẹ fi tèmi sílẹ̀ lára ògiri." Kò bínú. Ó ń sọ ọ́ bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé láti bu oúnjẹ fún. "Ọ̀nà tí èmi àti ẹ̀ ń lọ jìn. Aṣọ tó wà lára mi sì ti gbó."

Èmi àti ẹ̀. Ohun tí etí Àrìnpé gbọ́ nìyẹn, kò tún gbọ́ òmíràn mọ́. Ó rí pósí, ó rí àwọn sójà tó ń yìnbọn sókè, ó rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìbẹ̀rù tó ti ń bò mọ́lẹ̀ di ìbínú, ó dìde dúró nínú rélùwéè tó ń sáré.

"O ò bá a lọ síbì kankan!" ó wí. "Ní orúkọ Jésù, padà síbi tó o ti wá. O ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e mọ́. Títí ayé, má tẹ̀ lé e mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Ọkùnrin náà wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n wa. Bí ẹ bá ní kí n má tẹ̀ lé e mọ́, mi ò ní í tẹ̀ lé e mọ́." Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ìjókòó, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rìn gba ilẹ̀kùn kọjá sí kọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀ lé e.

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àrìnpé, tó ń gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ kí ọmọ rẹ̀, mi orí. "Ìyá, ọmọ tó mọ̀wà hù bẹ́un dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ ò tiẹ̀ ní kó dìde. Ó dùn mí o."

Àrìnpé kọjú sí fèrèsé. Ara rẹ̀ fúyẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ti lé e, ó sì ti lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ní Láderin, orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ lọ sídìí ọkọ̀.

Akínrẹ̀mí dé ní Sátidé pẹ̀lú ìràwọ̀ tuntun léjìká. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó. Ní Sunday, wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, àwọn akọrin kọrin títí ohùn fi há. Ṣùgbọ́n Àrìnpé rí i pé àbúrò òun kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bó bá ń rìn, á dúró, á wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á tún máa lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ ò yá, ó ní kò sí nǹkan.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí àlejò ti túká, ó pè é wọ yàrá ìyá wọn, ó gbé ẹ̀bùn náà lé e lọ́wọ́. Akínrẹ̀mí tú bébà rẹ̀, ó tẹ́ agbádá náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ pa á. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. "Ẹ ṣé gan-an ni, àǹtí mi. Ẹ ṣeun, mà." Ó wá gbé bébà náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó wo inú àpò.

"Èkejì dà?" ó béèrè.

Màmá Lydia rọra dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Èkejì wo?" Àrìnpé wí.

Akínrẹ̀mí wo ìyá rẹ̀, ìyá náà mi orí sí i pé kó máa sọ ọ́. "Àǹtí mi, méjì ni Màámi máa ń fún mi. Látìgbà tí mo ti wọṣẹ́ ológun. Bí wọ́n bá ra bàtà, wọ́n á ra méjì, bí aṣọ ni, méjì ni. Èmi ni mo máa ń gbé tirẹ̀ dání. Bí mo bá débẹ̀, mo máa ń gbé e síta àgọ́, ilẹ̀ á mọ́, kò ní í sí níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló ń gbé e?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Nígbà tí mo jẹ́ Kápútéènì, à ń gba ọ̀nà kan lọ lẹ́yìn Màídúgùri, ọkọ̀ tèmi ló wà níwájú. Mo rí i tó dúró sáàárín ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè, bàtà tí Màámi rà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí dírẹ́bà dúró. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa kò dúró, ó yà wá sílẹ̀, ó kọjá. Kò lọ jìnnà tí àdó olóró fi gbé e sókè." Ó fi bébà náà sílẹ̀. "Látìgbà náà, mi ò lè ka iye ìgbà mọ́. Òun ló máa ń ṣáájú mi. Ibi tó bá dúró, mi ò ní í kọjá níbẹ̀. Èyí tó wọ̀ kẹ́yìn ni bùbá aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Màámi rà nígbà tí wọ́n gbé mi ga ṣáájú ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì yìí."

Àrìnpé di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Thursday," Akínrẹ̀mí wí, "mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Ibi tó máa ń wà ṣófo. Mo rò pé bóyá ó ń dúró de ẹ̀bùn rẹ̀ nílé ni."

Màmá Lydia kò wo ọmọkùnrin rẹ̀. Àrìnpé ló ń wò. "Kí lo sọ fún un?" ó béèrè.

Olórí kunkun náà fi ilẹ̀ jókòó bí ọmọdé. Ó sọ gbogbo rẹ̀: aago, télọ̀, rélùwéè, ohun tí òun wí àti bí ọmọ náà ṣe dọ̀bálẹ̀. Ẹkún ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní òun rò pé ó wá mú un lọ ni. Ó ní òun fẹ́ gba Akínrẹ̀mí là ni.

"Ẹ ò mọ̀, àǹtí mi," Akínrẹ̀mí wí. "Ẹ má sunkún. Ẹ ò mọ̀."

Ì bá bínú sí i, ì bá tù ú lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, Màámi?"

"Mo ní kó o ra méjì," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ẹ̀rù ìwọ àti bàbá rẹ kò jẹ́ kí n lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tèmi, wọ́n máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, àwọn ìbejì méjèèjì. Tìrẹ ni wọn kì í kọ̀. Àtikékeré wọn ni."

Àrìnpé kò dúró wé gèlè. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Ọlálẹ́yẹ nílé rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi wá ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sunday. Agbádá kejì wà lára ògiri níbi tó wà. Ó gbé e dání lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, gbogbo ọ̀nà ló sì ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu, pé kó máa bọ̀, pé kó má bínú. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá òtútù tó wà lára tépù lọ́jọ́sí. Aṣọ náà móoru bí aṣọ yòókù. Ó tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ó fi í síbẹ̀ di òwúrọ̀. Bó ṣe tẹ́ ẹ ló ṣe bá a.

Àárọ̀ Monday, ọkọ̀ àwọn ológun wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò jáde, àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin náà wà níbẹ̀. Akínrẹ̀mí dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kó agbádá méjèèjì sínú àpótí rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Láti kékeré, kò sí ibi tí ọkùnrin yìí máa jókòó sí tí kò ní í fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, débi pé wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Lọ́jọ́ náà, ó jókòó sí àárín gan-an. Ọkọ̀ gbéra.

Àrìnpé sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà.

"Táíwò!" ó kígbe. Ohùn tí ẹgbẹ́ akọrin mọ̀ ló fi kígbe náà, gbogbo Ìkìjà gbọ́ orúkọ tí ẹnì kankan kò pè nínú ilé náà láti ìgbà èwe wọn. "Táíwò o! Máa bá a lọ! Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo wí bẹ́ẹ̀! Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, Táíwò, tẹ̀ lé e!"

Ọkọ̀ náà yà ní ìyànà, kò sì rí i mọ́. Àwọn obìnrin akọrin ń wo ara wọn. Ó padà wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀.

"Ó dáhùn?" Màmá Lydia béèrè.

"Kò dáhùn, mà."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i, Àrìnpé sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá náà sì nu omijé ojú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró.

"Tún un pè," ó wí.

Àrìnpé jáde padà sójú títì, ó sì tún un pè.